Ohun Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Port Harcourt, Ọjọ́bọ̀

Mo fi ìdánwò làákàyè dán ọmọbìnrin kan láti Okrika, ìlú etí omi, wò lónìí. Mo fi àwòrán ilé kan hàn án, mo bi í pé kí ni kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Auntie, boat no dey!" Fèrèsé ni ìwé ń fẹ́. Mo fún un ní òdo. Ó ṣì ń dùn mí.

Màámi ò kàwé, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ẹnu ló fi ń tọ́ aró wò kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, kì í sì í ṣì í. Ìdánwò wo ló máa fún un ní máàkì?

Bóyá kí n tún máàkì ọmọ yẹn ṣe...

Ká ní ilé wa ní Òṣogbo ni wọ́n yà, fèrèsé á pé, ìkòkò aró á pé. Màámi nìkan ni n ò ní rí.