Ìbọn Bọ̀dá àti Ẹ̀yìn Olè

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Awò Ojú,
                                                  Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo fẹ́ràn jọjọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àbíkẹ́yìn ti ń wọ awò tí mo fi ránṣẹ́ sí i, àbí abẹ́ ìrọ̀rí ló ṣì ń fi í pamọ́ sí? Sọ fún un pé ẹni tó bá ríran ló ń rí oúnjẹ jẹ. Ara tèmi le, tí a bá yọ ti orí tó ń fọ́ mi kúrò. Ọkọ mi ní kí n kí ọ.

Mo gba lẹ́tà rẹ. O ní o gbọ́ pé èmi ni mo ti Bọ̀dá wa sínú ẹjọ́. Má wulẹ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ, mo mọ ẹnu tó ti jáde. Àmọ́ kí o tó gbà á gbọ́, jọ̀ọ́, jókòó, kí o gbọ́ bó ṣe jẹ́.

O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni olè ti wọ ilé Bọ̀dá tẹ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí ń fa omi ni wọ́n tú lọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mi ò kọ sí ọ tán, torí Bọ̀dá ní kí n má dà ọ́ láàmú. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, oòrùn ti là kedere. Wọ́n de òun àti ìyàwó wa mọ́ àga ilé ìdáná, wọ́n fi aṣọ dí wọn lẹ́nu, wọ́n sì fara balẹ̀ kó ilé bí ẹni tó ń kó ẹrù ara ẹ̀. Títí di òní, ọwọ́ ìyàwó wa ń gbọ̀n tó bá gbé ife. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn tú, Bọ̀dá pe àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó yọjú, wọ́n sì ń béèrè bóyá ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ dáadáa. Dókítà ẹran tó fi ọgbọ̀n ọdún sin ìjọba, wọ́n ń bi í bóyá ó mọ ilẹ̀kùn tì!

Ìyẹn ló mú kó ní òun máa ra ìbọn. Kò sì rà á ní kọ̀rọ̀. Ó kọ fọ́ọ̀mù, ó gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà pé orí òun pé, èmi gan-an ni mo yẹ ojú ẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù yìí tí mo sì fọwọ́ sí i pé ó ríran. Oṣù mọ́kànlá gbáko ló gbà kí ìwé àṣẹ tó jáde. Nígbà tó wá jáde, òfin tún ní kó ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin, kó sì tọ́jú ọta sí yàrá mìíràn. Bọ̀dá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ìbọn wà nínú yàrá, ọta wà ní pálọ̀. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tí olè bá dé, mà á ní kó jókòó kó mu omi tútù, kí n lọ wá kọ́kọ́rọ́."

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo mú awò tuntun lọ fún ìyàwó wa, mi ò mọ̀ pé ó ti jáde. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe. Bí mo ṣe yọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí ọkùnrin kan tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó ń jáde nílẹ̀kùn ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn tó já ló jí Bọ̀dá lójú oorun ọ̀sán. Ìgbà tó fi ṣí àpótí, tó sáré lọ sí pálọ̀, tó ki ọta bọ ìbọn, olè ti ṣe tiẹ̀ tán.

Bọ̀dá yọ lẹ́yìn ẹ̀. Ó pariwo, "Dúró síbẹ̀!" Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sáré dé ìdí ògiri, ó nawọ́ mú òkè ògiri náà kó lè gùn ún. Ìgbà yẹn ni ìbọn dún. Ọkùnrin náà já bọ́ bí àpò sìmẹ́ńtì.

Mo rò pé ó ti kú. Àmọ́ Bọ̀dá ti ju ìbọn sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ tì í. Itan ni ọta bà, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú yàà.

"Mú aṣọ wá!" ló ń pariwo mọ́ mi. "Aṣọ tó mọ́! Kí lò ń wò?"

Ó já bẹ́líìtì ara ẹ̀ yọ, ó fi di itan náà pinpin. Ọkùnrin náà ń sunkún bí ọmọdé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kú."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, má mira," ni Bọ̀dá wí. "Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni mò ń dá dúró látijọ́, tìẹ ò tó nǹkan."

Dókítà ilé ìwòsàn sọ ọ́ pé bí kì í bá ṣe bẹ́líìtì yẹn, ọkùnrin náà ò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn láàyè.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ọlọ́pàá wà nílẹ̀ o! Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dé. Wọ́n gbé olè lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gbé Bọ̀dá lọ sí àgọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Wọn ò sọ fún wa pé kóòtù ni olóhun máa ti lo ọjọ́ kan tiẹ̀.

Bí lọ́yà Bọ̀dá ṣe là á yé mi nìyí: bí ẹnì kan bá ká ọ mọ́lé, tí o sì rí i pé ẹ̀mí rẹ ló fẹ́ gbà, o lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ gba ara rẹ sílẹ̀. Àmọ́ gbàrà tó bá ti kẹ̀yìn sí ọ, òfin ní ewu ti tán, ẹrù lásán ló ń gbé lọ, ẹrù ò sì tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ yìnbọn fún èèyàn. Mo ní, "Ta ló sọ fún òfin pé ewu ti tán? Ṣé wọ́n de òfin náà mọ́ àga lọ́jọ́sí ni?" Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sún àga ẹ̀ mọ́ mi. "Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ rí? Ibi tẹ́ ẹ dúró sí kúkú jìnnà díẹ̀."

Kò ní kí n purọ́. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn irọ́ sílẹ̀, ó wá ń wò mí bóyá mà á wọlé. Ìyàwó wa ò tiẹ̀ fi tiẹ̀ bò. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ ẹ̀ tó ń gbọ̀n di ọwọ́ mi mú, ó fi orúkọ tó sọ mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa pè mí. "Adúmáadán, ẹ sáà sọ pé ó kọjú sí i. Ẹ gbà mí." Mo kàn ń nu awò tó wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó kàn mí ní kóòtù, lọ́yà ìjọba kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ríran dáadáa. Èmi! Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò awò, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń fún ojú pọ̀ kẹ́ ẹ tó lè ka ìwé ọwọ́ yín." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́. Ó ní, "Ojú ẹ̀ lẹ rí nígbà tí ìbọn dún, àbí ẹ̀yìn ẹ̀?" Mo wo Bọ̀dá. Kò wò mí.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ti àga ilé ìdáná, ti ọwọ́ ìyàwó wa, ti ọkọ̀ tí kò sí nílẹ̀. Adájọ́ ní kí n dáhùn ohun tí wọ́n bi mí nìkan. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ! Òótọ́ tí wọ́n nílò lẹ́nu mi ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, wọn ò ní àyè fún ìyókù. Oore tí Bọ̀dá ṣe pàápàá, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rí tì í lọ́rùn. Lọ́yà ìjọba ní, "Bí ẹ bá bẹ̀rù ọkùnrin yìí lóòótọ́, kí lẹ wá kúnlẹ̀ tì í ṣe?" Bọ̀dá ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára ẹ̀."

Wọn ò rán an lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n adájọ́ ní ó jẹ̀bi. Wọ́n gba ìbọn, wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ títí ayé, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ fojú hàn ní àgọ́ lóṣooṣù fún odidi ọdún kan. Olè gba oṣù mẹ́jọ, wọ́n tún yọ èyí tó lò nílé ìwòsàn kúrò. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù mi ti di ilé àríyànjiyàn. Apá kan ní kí gbogbo onílé ní ìbọn kí olè lè rẹ́ni bẹ̀rù, apá kejì ní kí wọ́n gba gbogbo ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú. Wọ́n á gbé awò sójú, wọ́n á máa pariwo lé mi lórí. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá máa tó wà nílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bọ̀dá ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ òun, ara ò rọ èmi náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbéra, mo lọ. Mo bá a tó ń kun ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo kí i. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kejì, a jọ ń kùn ún. Nígbà tó yá, ó ní, "Òótọ́ lo sọ."

Mo ń kùn lọ.

"Ọjọ́ tí wọ́n dè wá, ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní ìbọn. Ọjọ́ tí mo wá ní ìbọn, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Inú ló ń bí mi. Mo rí i pé ó ń lọ. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀ jù ọ́ lọ." Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà. "Má sọ fún ìyàwó mi."

Àbúrò mi, mi ò mọ ohun tí mà á fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Mo ṣì ń bínú sí òfin. Ọjọ́ tí Bọ̀dá àti ìyàwó wa nílò ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tó dé, Bọ̀dá ló wá mú. Mo wá ibi tí òfin ti ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn olè yẹn, mi ò rí i, ìyẹn sì tún ń bí mi nínú.

Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí Bọ̀dá. Má mẹ́nu ba ẹjọ́, kàn béèrè àlàáfíà ẹ̀. Bá mi kí ìyàwó rẹ kú ìtọ́jú ilé, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Tí àyè bá yọ, wá. Ó ti pẹ́ tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó pa pọ̀, ẹni tó sì máa jókòó sáàárín ni a nílò báyìí.

Ọmọ ìyá rẹ ni mí lọ́jọ́ ìbínú, òun náà ni mí lọ́jọ́ ẹ̀rín,

Adúmáadán.