Ẹ̀yin Lẹ Ní Kí N Yí I

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Obìnrin tó ń ṣe eré ìmárale fún Bàbá nílé ìwòsàn lọ ìsinmi lónìí. Dókítà Apá ni mò ń pè é. Kó tó lọ, ó fi fóònù mi ya ara ẹ̀ ní fídíò mẹ́jọ: bí wọ́n á ṣe máa na apá ọ̀tún tí rọpárọsẹ̀ mú. Ojoojúmọ́. Ó ní tí a bá fi sílẹ̀ títí òun á fi dé, apá náà á gan, òun ò ní lè ṣèlérí nǹkan kan mọ́.
Ó yé mi. Mo gbé fóònù fún Alága (Bàbá ni, kò sí ìjókòó tí wọn kì í darí). Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. "Èmi ò lè máa wo èèyàn tí kò tó èékánná mi. Fi sínú DVD mi."
Ó tán. DVD.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo da fídíò náà sórí díìsì ní ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà kà á. DVD Alága — rárá. Àbúrò mi sọ pé DVD àtijọ́ kì í ka fáìlì fóònù, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yí i padà. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ lánàá? "Ẹ ò bi mí." Ẹ wo ẹnu.

Ọjọ́rú, 6
Mo gbé e fún oníkọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa. "Bá mi yí i, kí o kọ ọ́ sí díìsì DVD. Ọ̀la." Mi ò fọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ọjọ́bọ̀, 7
"Díẹ̀ ló kù, Màdáámù." Láti òní lọ, Díẹ̀-ló-kù lorúkọ ẹ̀.

Ẹtì, 8
DVD kà á! Mo pàtẹ́wọ́. Àwòrán wọlé — Dókítà Apá nà gbalaja, ògiri di ilẹ̀. Kí n tó rí rìmóòtù mú, Alága ti dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn. "Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí ojú ń dùn ọ́?" Màmá ń pariwo pé ọkọ òun fẹ́ já bọ́. Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde.
Mo pe Díẹ̀-ló-kù. Ohùn mi ò dáa. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n yí i, Màdáámù. Mo yí i." Ó rò pé àwòrán ló wọ́, pé kí òun yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo ní. Èmi tí mo kàwé okòwò, tí mò ń jágbe mọ́ àwọn tó wà lábẹ́ mi pé kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an!
Ṣùgbọ́n Alága fẹ́ ṣe é. Wọ́n dùbúlẹ̀ fún un. Ìyẹn ni mo mú.

Àbámẹ́ta, 9
Tí mo bá ń dúró de díẹ̀ tó kù, apá á ti gan. Mo lọ jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù. "Sọ ọ́ di irú èyí tí DVD ń kà. Kí èèyàn inú ẹ̀ sì wà lóòró." Ẹ̀rọ ń lọ̀ wọ́n, fídíò mẹ́jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Nílé: ó wà lóòró, àmọ́ ó tín-ín-rín bí ọ̀pá àsíá. Tẹlifíṣọ̀n Alága ò fẹ̀ tó fídíò ọ̀hún, ó fún un pọ̀. Màmá: "Ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ níbi ìsinmi ni?"

Ajé, 11
Èmi àti Díẹ̀-ló-kù fi àlàfo dúdú sókè, dúdú sísàlẹ̀, àwòrán wà láàárín. Ó KÀ Á. Dókítà Apá dúró ṣánṣán, ó sanra bó ṣe yẹ, ohùn ẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Alága kàn ń tẹ nọ́ńbà fídíò èyí tó wù wọ́n. "Ẹ na apá." Wọ́n na. Ìka nìkan ló gbéra.
Ìka! Màmá kọjú sógiri.

Ẹtì, 15
Alága ti ń dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn: "Mo ti gbọ́, má pariwo mọ́ mi."

Ọjọ́bọ̀, 28
Dókítà Apá dé lánàá. Ó wá sílé lónìí. Alága wà lórí nọ́ńbà kẹfà. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo apá náà. Alága gbé e — apá ọ̀tún, láti èjìká, gbogbo ẹ̀ — wọ́n fi ń lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́:
"Ìwọ obìnrin yìí, kúrò níbẹ̀ jàre. O ò rí i pé mò ń wo dókítà mi?"