Ìlà Kan Lábẹ́ Ìtọrọ Ìyàwó

Ilé Ìránṣọ Akíndàmọ́lá,
Lalala,
Libreville.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Alága àti Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá,
Sotega,
Libreville.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ NÍPA ÌLÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ẸGBẸ́ Ń FI SÍ ABẸ́ Ọ̀RỌ̀ ỌLỌ́RỌ̀

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni mí láti ìgbà tí a ti ń ṣèpàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Mont-Bouët, n kò sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí yín rí. Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni pé kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́.

Ẹ ó rántí pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ pàṣẹ pé kí a má fi fóònù bá ẹ̀ka wa ní Port-Gentil sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì mọ́, nítorí pé fídíò àti àwòrán ìkíni Jímọ́ọ̀ ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Sheriffdeen, wá fi ètò ìtàkùrọ̀sọ kan sórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, ó sì fi irú rẹ̀ sórí ti Port-Gentil. Irú ètò tí ẹni tó ṣe é ń jẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ lò lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kí ó tó wá sanwó bí ó bá wù ú. A kò tíì sanwó. Nítorí náà, ètò yìí ń lẹ ìlà kan mọ́ abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde, láti fi hàn pé ìdánwò ni a ṣì ń ṣe. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kì í rí ìlà náà. Ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ló ń rí i. Faransé kúkúrú ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sheriffdeen, tí ó fẹ́ràn èdè wa púpọ̀, ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó lè yé àwọn àgbà.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ọmọ mi Ismaël, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí èbúté, sọ fún wa pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́. Zulaikha ni, ọmọ Alhaji Mùs'áb ní Port-Gentil. Inú wa dùn. Mo pa òfin yín mọ́, mo lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, mo sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ ìwé ìtọrọ. Bí ó ṣe dé ọwọ́ Alhaji nìyí:

"Alhaji, a kí yín o. A fẹ́ tọrọ Zulaikha, ọmọ yín, fún Ismaël, ọmọ wa. A gbọ́ pé ọmọ dáadáa ni. À ń dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó sanwó. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó yọ ọ́ kúrò."

Èsì Alhaji dé kíákíá: "Ọmọ mi kì í ṣe ọjà." Ìlà yẹn náà sì wà lábẹ́ tirẹ̀. Ọkọ mi kà á, ó tún un kà, ó ní, "Ọmọ tirẹ̀ kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ra tiwa."

Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà dé ọ̀hún pẹ̀lú ìlà rẹ̀. A pe fóònù Alhaji, kò gbé e. Hájíà Tàwàkálítù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló gbé tirẹ̀. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ kọ́kọ́ dán ọmọ ẹlòmíràn wò ná," ó sì pa fóònù. Wọ́n ní kí Zulaikha má bá Ismaël sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ mi kò bá wa jẹun mọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yàrá ló ń wọ̀ lọ. Èmi ń rán aṣọ, mo ń tú u, n kò mọ ohun tí mo ṣe.

Níkẹyìn, mo mú Ismaël lọ sídìí kọ̀ǹpútà pé kí ó ka èsì náà sí mi létí. Ibí ni a bí i sí. Faransé ló yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nígbà tó kà á dé ìparí, ó ní, "Àmín." Mo bi í pé àmín kí ni. Ó ní ìlà yẹn máa ń wà lábẹ́ gbogbo ohun tó bá ti Port-Gentil wá, títí kan ìkíni ọdún, òun sì rò pé àdúrà ni.

Ọkọ mi ní kí n má fi kọ̀ǹpútà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbọ́ràn. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Port-Gentil. Òkun kò ṣojú rere sí mi. Mo bẹ Alhaji kí ó fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wọn kí ọkọ mi, tí ó jókòó dè é ní Sotega. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ọkọ mi sì ka ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ sórí fóònù, títí dé "a ó yọ ọ́ kúrò." Alhaji rọra sọ pé, "Èyí ni mo fi kí lemọ́mù tuntun yín kú oríire oyè. Abájọ tí wọn kò fi dá mi lóhùn."

Wọ́n so yìgì ní oṣù tó kọjá, Zulaikha sì ti wà lọ́dọ̀ wa ní Lalala. Hájíà Tàwàkálítù ṣì ń pe Ismaël ní "ọkọ àdánwò", ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo ti bá Ọ̀gbẹ́ni Sheriffdeen sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan nínú Yorùbá náà. Òótọ́ ni. Bó ṣe yéni tó gan-an ló kó bá wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ san owó ètò náà. Kò tó ohun tí à ń ná sórí ìpápánu ní ìpàdé kan. Bí ẹ kò bá lè san án, ẹ dá ìlà náà padà sí Faransé. Mo sì gbọ́ pé Alàgbà Ayọ̀dé, tó dá ẹ̀ka Port-Gentil sílẹ̀, ti di olóògbé, àti pé ẹ fẹ́ bá àwọn ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ.

N kò bá akọ̀wé wa bínú. Ẹ bá mi sọ fún un pé Zulaikha ní kí ó wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun fẹ́ rí ojú rẹ̀. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,

Ràódàt Akíndàmọ́lá (Ìyáàfin),
Aránṣọ, ìyá Ismaël.