Owó Ọkọ̀ Tí Bàbá Rẹ Kò Gbà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ títí, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà yẹn. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi tí ẹlòmíràn ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi wà o. Mi ò kọ ọ́ pé bàbá rẹ náà wà dáadáa, torí mi ò fẹ́ parọ́ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O rántí pé igbó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté wa nígbà tí ò ń lọ. Ibẹ̀ ti di hòtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ báyìí, yàrá inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ilé ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń ṣe mí láàánú. Ilé là ń pè ní àbọ̀ sinmi oko, àwọn wọ̀nyí kúrò nílé tiwọn, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n wá ń sinmi nílé onílé, wọ́n tún ń sanwó lé e. Mo gbà pé aláìsàn ni wọ́n, torí láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń nà gbalaja sínú oòrùn, tí wọ́n ń fi òróró pa ara, kò sì sí mọ̀lẹ́bí kan tó ń wá bẹ̀ wọ́n wò. Lọ́jọ́ kan mo bu omi tútù lọ fún ìyá kan níbẹ̀, mo ní ara á yá, ni ẹ̀ṣọ́ bá lé mi jáde. Odò ńlá wà níwájú wọn, wọ́n tún gbẹ́ kòtò, wọ́n da omi sí i, inú kòtò ni wọ́n ti ń wẹ̀. Mi ò mọ ohun tí odò ṣe fún wọn. Máníjà wọn sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Mo jáde wò ó, èyí tí mo rí lókè rẹ̀ ju mẹ́rin lọ, wọ́n sì wà lórí òrùlé tiwa náà.

Nígbà tí wọ́n ti fi ọgbà dí èbúté, èrò ò rí ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀ bàbá rẹ mọ́. Máníjà wá sílé wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní àwọn á gba bàbá rẹ síṣẹ́. Inú wa dùn. Àṣé iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ wọn, kí wọ́n mú àjẹ̀ lọ́wọ́, kí àwọn àlejò máa wọlé jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa ya fọ́tò. Wọ́n ti fi ṣéènì so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ mi, atukọ̀ tí kò gbọdọ̀ tukọ̀!

O mọ bàbá rẹ. Láti kékeré lo ti mọ̀ pé wọn kì í gbowó lọ́wọ́ èrò àfi tí ẹsẹ̀ èrò bá kan ilẹ̀ lódìkejì. Bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, torí bí ọkọ̀ bá dojú dé láàárín omi, ta ló fẹ́ jẹ òkú ní gbèsè? Ṣùgbọ́n àwọn àlejò yìí, bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán, wọ́n á ju owó sínú ọkọ̀, wọ́n á bọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ á máa pè wọ́n pé ẹ padà o, a ò tíì dé ibì kankan. Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ya fọ́tò bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń pariwo. Bàbá rẹ ò gbádùn oorun mọ́, wọ́n ní gbèsè èèyàn ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, tọkọtaya arúgbó kan wọ inú ọkọ̀, wọ́n sanwó. Bàbá rẹ fi òkúta já ṣéènì, wọ́n tu àwọn méjèèjì kọjá sí òdìkejì. Inú àwọn arúgbó náà dùn débi pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ìyá yẹn ń fọwọ́ ta omi bí ọmọdé. Hòtẹ́ẹ̀lì ti dàrú, wọ́n ní bàbá rẹ jí àlejò gbé. Ọlọ́pàá ló dúró de bàbá rẹ létí omi. Ẹ̀bẹ̀ àwọn arúgbó yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Máníjà ní kí bàbá rẹ máa lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà síwájú géètì, wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, wọ́n gbin òdòdó sí i. Òdòdó náà dára o, mi ò ní purọ́. Bàbá rẹ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n padà wálé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn ò tíì dìde.

Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí àìsàn kankan lára wọn. Oúnjẹ tí mo bá gbé wá, wọ́n á kàn fẹnu bà á ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo ní kó bá mi wo inú ẹ̀rọ rẹ̀ bóyá orúkọ rẹ wà lára àwọn tó ń bọ̀, torí gbogbo ayé ló ń wá síbẹ̀. Ó wò ó, ó ní kò sí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un wò dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, mo mọ̀ pé o ti ń retí ẹ̀. Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ lanu, wọ́n bi mí pé ṣé o ti gúnlẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ò ń lọ, tí àwọn tu ọ́ kọjá, o na owó ọkọ̀ sí àwọn, àwọn ò gbà á, àwọn ní o ò tíì dé ibi tí ò ń lọ, kí o padà wá san án tí o bá dé. Nínú gbogbo èrò ayé yìí, ìwọ nìkan ló jẹ wọ́n lówó. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù o. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mú un wá fúnra rẹ, kí o fi lé wọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ ò ní dá ọ dúró sọ́nà. Wàá bá wa láyé.

Mo ti dá wọn lóhùn pé o ti gúnlẹ̀, pé o ń bọ̀ wá sanwó. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn, kí àwọn lè jókòó dè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ