Kóòtù Funfun Tó Wà Lẹ́yìn Àga

Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Tóyìn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fúyẹ́? A dúpẹ́ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè sọ lórí fóònù. O mọ̀ pé n kò fọkàn tán fóònù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Màmá mi kò lè mí dáadáa mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A sáré gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nílé ìwòsàn tí Níyì àbúrò rẹ ti ṣiṣẹ́ rí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Martha ló gbà wá. Mo bi í pé dókítà dà. Ó nawọ́ sí yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí kóòtù funfun tí àwọn dókítà ń wọ̀ wà lẹ́yìn àga, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ mà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi náà lẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ yọjú wo ìsàlẹ̀ ife. Mo jókòó ti Màmá, ojú mi kò kúrò lára kóòtù yẹn. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè, èsì kan náà ni. Martha ti fi afẹ́fẹ́ sí Màmá nímú, ó ń sáré láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wo ojú mi. Ara fu mí. Mo ní bóyá wọ́n ń fi dókítà pamọ́ de àwọn olówó, tàbí ó ti gba ojú ọ̀nà Takie lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, ó fi ìyá mi sílẹ̀ kí wọ́n máa kú lọ.

Ìfura loògùn àgbà. Mo dìde, mo wọ yàrá náà. Eruku ti bo èjìká kóòtù. Mo wo àpò rẹ̀, mo rí òwú àwọ̀ ewé. Tóyìn, orúkọ Níyì ni, èyí tí ìwọ fúnra rẹ fi abẹ́rẹ́ ṣe sí i. Níyì tó ti wà nílùú òyìnbó láti ọdún tó kọjá, tí gbogbo wa gbààwẹ̀ kí físà rẹ̀ lè jáde.

Martha bá mi níbẹ̀. Ó ní dókítà kan ṣoṣo ló kù fún àwọn àti gbogbo wọ́ọ̀dù, inú yàrá iṣẹ́ abẹ ló sì wà. "Tá a bá ní kò sí dókítà, wọ́n á gbé aláìsàn jáde, wọ́n á máa wá ibòmíràn kiri, ojú ọ̀nà ló máa kú sí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a."

Inú bí mi gan-an, síbẹ̀ mo fi sílẹ̀. N kò tíì jókòó tí ọkùnrin kan fi gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ń làágùn, ó bi mí pé dókítà ńkọ́. Mo wo Màmá, mo wo kóòtù. Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Dókítà náà dé nígbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àárẹ̀. Ó tọ́jú Màmá, wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin yẹn, n kò mọ ibi tó já sí; ẹ̀rù kò jẹ́ kí n béèrè. Láti ọjọ́ náà, n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, èmi alára sì wà nínú wọn.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o sì kí Màmá. Bí Níyì bá pè, kí òun náà fún mi. Sọ fún un pé kóòtù rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Esther.