Ẹni Tó Ṣi Nọ́ńbà Pè

Tinúọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Àkúrẹ́, ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn? Ọlọ́run tó fi wá sórí omi tí a kò rì, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ilẹ̀ ṣubú. Tí o bá béèrè wa, a wà, omi ti wọ ilé ìdáná, àmọ́ a ṣì ń rí ẹja yan. Inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí nítorí mi ò fọkàn tán fóònù mọ́.

Ojú ń tì mí. Dáfídì àbúrò rẹ pè mí láti ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi í sí nítorí epo tí kò bófin mu tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé èbúté nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá ní Mólútẹ̀hìn, ibẹ̀ náà ni gbogbo wa ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi Olówòkéré. Mo sì ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìjọba ni Dáfídì ń ṣe, kódà Àrìnpé aládùúgbò wa ti ní kó bá òun mú ọmọ òun wọ ibẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo fọwọ́ tẹ̀ lára fóònù, ló bá ń pariwo fún gbogbo èbúté. Wọ́dà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ẹlẹ́wọ̀n kan fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Dáfídì pè mí ní ìyá, mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè, mo sì pa fóònù. Ọmọ tí mo bí, Tinúọlá. Kò pè mọ́ láti ìgbà náà.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Àmọ́ bí Olówòkéré bá ti rí mi, á bi mí pé ṣé ẹni tó ṣi nọ́ńbà yẹn ò tíì tún pè. Lánàá, Àrìnpé gbé ẹja yíyan wá, ó ní kí n bá òun fún ẹni tó ṣi nọ́ńbà. Àwọn yòókù náà gbé tiwọn wá títí apẹ̀rẹ̀ fi kún. Mi ò lè wojú wọn.

Mo gbé e lọ bá Rejoice tó ń ṣe pí-ó-ẹ́sì, mo ní bó ṣe ń fi owó ránṣẹ́, kó bá mi fi ẹja ránṣẹ́. Ó ní ẹja kì í gba inú ẹ̀rọ. Mo ní kó máa kó o sí i níkọ̀ọ̀kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n fọwọ́ ara mi gbé e dé ọ̀dọ̀ Dáfídì. Wọ́n ní àwọn wọ́dà máa ń la ẹja wò. Kí wọ́n là á, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ bá mi rí i, sọ fún un kó tún nọ́ńbà náà pè, nígbà tí èrò bá kún èbúté. Èmi á jẹ́ kí fóònù pariwo.

Olúwa ò ní jẹ́ kí ojú ọmọ tìrẹ náà tì ọ́ láé.

Èmi ni, ìyá rẹ, ìyá Dáfídì.