Kókó Ọyàn Mi Ti Tú

Bàbá Hasanat, ọkọ mi, salaamu alaykun láti Makun-Omi! Ará Àgọ́-Ìwòyè ńkọ́? Ohùn ni mo fi ránṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún mi ń sinmi díẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀! Kókó ọyàn yẹn ti tú láàárọ̀ àná! Ìyá alágbo ní ohun tí òun ń retí gan-an nìyẹn, pé àìsàn ti ríbi jáde. Ó ń rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú ẹ̀ ló ń jáde. Ẹ sọ fún dókítà pé kó má wulẹ̀ retí mi mọ́.

Aládùúrà ni Zipporah tí a jọ ń gbàtọ́jú nínú yàrá kan. Mo máa ń fún un ní omi samusamu tí mo gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, òun náà á fún mi ní omi àdúrà, a ó máa rẹ́rìn-ín pé ọ̀kan á ṣáà jẹ́. Tiẹ̀ ti tú ṣáájú tèmi. Wọ́n ti wá mú un relé lónìí! Oorun ti gbé e lọ, kò lè dágbére fún mi. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi ògbólógbòó ìró bò ó látorí dẹ́sẹ̀ nítorí atẹ́gùn.

Ìró yẹn ló rán mi létí: ẹ bá mi yọ aṣọ funfun tí mo fi omi samusamu fọ̀ ní Mẹ́kà, èyí tí mo ní kí ẹ tọ́jú de ọjọ́ mi, kí ẹ sá a sóòrùn. Kò sí nǹkan kan o, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ni.

Ẹ kí Hasanat. Ẹ sọ fún un pé ara mi ti ń yá.